Ọjọ́ tí Mo Na Ẹsẹ̀ Dí Ẹnu Ọ̀nà

"Ibà pọ́njú kì í pa dúdú."

Dókítà òyìnbó kan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí lójú mi, ní ọgbà àwọn tó ń la ọ̀nà láti ibi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí wọ ìlú Ìwó. Ògbufọ̀ rẹ̀ fi ẹ̀rín túmọ̀ rẹ̀ fún wa, bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Mo ti di arúgbó báyìí. Àgbà ti ń dé sí mi kí n tó mọ ìwé kà, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa ibà yìí. Síbẹ̀, ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Alágbàfọ̀ ni mí nígbà náà. Lúkúlúkú, àrùn tó pa ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri, ti jà tán, àwọn tó ṣẹ́kù sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí òyìnbó agbaṣẹ́ṣe kan wá la ọ̀nà náà. Èmi ni mo ń fọ aṣọ rẹ̀, èmi ni mo sì ń lọ̀ ọ́. Nígbà tí àìsàn gbé e dè, aṣọ ibùsùn rẹ̀ ni mo fi mọ bí àìsàn náà ṣe ń rìn. Òógùn nìkan ló kọ́kọ́ wà lára aṣọ. Lẹ́yìn náà ó gbádùn lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó fá irùngbọ̀n, ó sì wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Mo rántí ṣẹ́ẹ̀tì yẹn dáadáa, nítorí nígbà tó máa padà sọ́wọ́ mi, gbogbo àyà rẹ̀ ti dúdú. Èébì ni. Ó dà bí omi tí a fi ha ìdí ìkòkò, ó dúdú, ó sì ní hóró wẹ́wẹ́ nínú. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà pọ́n bí ẹni da omi atalẹ̀ pupa sí i.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé dókítà wá. Mo ń lọ aṣọ ní ẹ̀yìnkùlé nígbà tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó tan àtùpà kékeré kan, tó sì gbé ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sórí iná rẹ̀. Kúùkù òyìnbó náà, ọkùnrin tó ti bá oríṣiríṣi òyìnbó gbé, dúró tì mí.

Mo ní, "Kí ló ń sè yẹn?"

"Ìtọ̀ ọ̀gá ni."

"Ìtọ̀ kẹ̀! Ṣé ó fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni?"

"Panu mọ́, alágbàfọ̀, kó o wòran."

Mo wòran. Bí ìtọ̀ náà ṣe ń gbóná, òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun, ó ń dì bí funfun ẹyin tó bọ́ sínú omi gbígbóná. Dókítà kán ọtí kíkan sí i. Funfun náà kò tú. Ojú dókítà sì yí padà.

Kúùkù sọ fún mi nígbà tó ṣe pé bí ìtọ̀ bá rú lórí iná, tí ọtí kíkan sì mú un mọ́, kò sí nǹkan kan. Bí kò bá mọ́, á jẹ́ pé kíndìnrín ń jò, tí ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ń bá ìtọ̀ jáde. Ibà lásán kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní dókítà tún di ọwọ́ ọ̀gá mú, ara ń jó bí iná, ṣùgbọ́n iṣan ọwọ́ rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ bí ti ẹni tó ń sùn. Nínú ibà tí gbogbo wa mọ̀, bí ara bá ṣe ń gbóná ni iṣan ń sáré. Nǹkan méjèèjì yìí ni dókítà fi mọ̀ pé ibà pọ́njú ni. Wọ́n ta àwọ̀n bo òyìnbó náà ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì yè é. Inú mi dùn pé ó yè é. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń bínú sí.

Ohun tí mo ń bínú sí nìyí. Kí wọ́n tó kúrò, wọ́n fi àwọ̀n onírin bo ẹnu táńkì omi òyìnbó. Lábẹ́ òrùlé páànù kan náà, ní ìdí ògiri kejì, àgbá àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, òjò ń da omi sí i, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò sẹ́ni tó wò ó. Tanwíjí ń jó nínú rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bu omi mu. Wọ́n ní omi tí tanwíjí bá ń jó nínú rẹ̀, omi tó yè ni, pé omi tó ní májèlé kì í gba ohun alààyè. Mi ò bá wọn wí. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ láti kékeré, kò sì sẹ́ni tó sọ nǹkan mìíràn fún wa. Wolé-wolé tó ń yí ìlú kiri ti fọ́ amù ìyá mi nítorí tanwíjí díẹ̀, kò sì sọ fún un ju pé ó ń dọ̀tí. Kò yà sídìí àgbá yẹn rí.

Mo ti wá mọ ẹ̀fọn tó ń ti inú irú àgbá bẹ́ẹ̀ jáde. Mo ti fi ìgò sin wọ́n, láti orí ẹyin dúdú wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò títí di ọjọ́ tí wọ́n fò. Kì í ṣe èyí tó ń kọrin sí wa létí lóru. Ó kéré, ó dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ní àmì funfun roboto-roboto bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀sán ló ń jẹni, ọrùn ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn. Bó bá jẹ ẹni tí ibà pọ́njú ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, kòkòrò ibà náà, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, á wọ inú rẹ̀, á sì bá a gbé títí yóò fi kú. Ẹni tó bá tún wá jẹ lẹ́yìn náà ni yóò gbé e fún. Mímu omi yẹn kọ́ ló ń pani. Dídúró tì í ni.

Àbúrò mi dúró tì í. Òun nìkan ni a jọ jẹ́ ọmọ ìyá, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń múra ìgbéyàwó pẹ̀lú ọmọbìnrin kan ní Kuta. Òkúta ló ń gbé lójú ọ̀nà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ju igbá òkúta sílẹ̀, ó ní orí òun fẹ́ là. Ìbàdí ń ro ó, ojú rẹ̀ pọ́n, etí ahọ́n rẹ̀ pupa bí ata. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́ ní ilé ọkọ, mo sì lọ sí ilé bàbá wa láti bá ìyá wa tọ́jú rẹ̀. Oyún inú mi ti yọ gan-an nígbà náà.

Dókítà tún wá ní ọjọ́ kejì, ó wá wo bóyá òyìnbó mìíràn ń ṣàìsàn. A gbé àbúrò mi lọ bá a. Ó wò ó lójú, ó wo ahọ́n, ó nawọ́ sí kuiníìnì, oògùn ibà lásán. Mo kúnlẹ̀ fún ògbufọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n se ìtọ̀ rẹ̀ wò."

"Kí wọ́n se kí ni?"

"Ìtọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe se ti ọ̀gá."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ibà pọ́njú kì í pa dúdú, pé ẹ̀jẹ̀ wa ti mọ̀ ọ́n, pé ibà lásán ni, kí àbúrò mi gbé kuiníìnì mì kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ bí ara bá ti yá.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìyẹn ló jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ibà yìí bá mú ní kékeré, tó sì yè é, kò ní mú un mọ́ láyé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti bá a pàdé láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé gbogbo wa ni? Ta ló se ìtọ̀ ọmọ kan tí ibà pa ní Olúpọ̀nnà? Ta ló di ọwọ́ ìyàwó tuntun kan tó bi èébì dúdú ní Ilé-Ogbó mú? Wọn kò wò ó lára wa, nítorí náà wọn kò rí i. Wọn kò sì rí i, nítorí náà wọ́n ní kò sí. Irú ìmọ̀ wo nìyẹn? Ẹni tí kò wọ oko, ṣé ó lè sọ pé iṣu kò ta?

Mo padà sílé, mo gbé ṣíbí onírin ka iná, mo sì da ìtọ̀ àbúrò mi sí i. Ìyá wa bá mi níbẹ̀.

"Ẹ wá wo ọmọ tí mo bí o! Ó ń se ìtọ̀ lórí ààrò tí mo fi ń se oúnjẹ!"

"Ìyá, ẹ fún mi ní tiyín náà."

"Kí n fún ọ ní kí ni?"

"Ìtọ̀. Mo fẹ́ fi wé tirẹ̀."

"Oyún yìí ló ń dà ẹ́ láàmú. Orí rẹ á padà bọ̀ sípò, lágbára Ọlọ́run."

Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, ó gbé e wá nínú igbá kékeré, ó fi ìdérí bò ó bí ẹni gbé ọbẹ̀ fún àlejò, ó sì wojú òde kó tó gbé e kalẹ̀. Tirẹ̀ hó, ó mọ́. Tèmi hó, ó rú díẹ̀, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nítorí a kò ní ọtí kíkan, ó sì mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ti àbúrò mi dì. Mo fún ọsàn sí i, ó dì síbẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fi èkejì di tèmi. Ara rẹ̀ ń jó mi lọ́wọ́ bí áyọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ iṣan tèmi ń sáré ju tirẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ nígbà náà. Kò sì sẹ́nì kan tó gbà mí gbọ́.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé láti ronú nípa ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ibà fi àbúrò mi sílẹ̀ pátápátá. Ó jí, ó ní ebi ń pa òun, ó béèrè iyán. Ìyá wa sọ pé, "Alihamudu lilahi," ó bú sẹ́kún ayọ̀. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá dìde nínú àìsàn gbọ́dọ̀ yí ilé ká láti dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá lọ, abaraámóorejẹ ni. Àwọn àna rẹ̀ láti Kuta ti fi iṣu ránṣẹ́ sí i nígbà tó wà lórí ìdùbúlẹ̀, nítorí náà Kuta ni ìyá wa fẹ́ kó kọ́kọ́ lọ, ní ẹsẹ̀, nínú oòrùn. Kapitá, olórí àwọn òṣìṣẹ́, sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó gbọ́ pé ó ti dìde.

Mo rò ó. Òyìnbó náà dìde báyìí. Ó fá irùngbọ̀n báyìí. Ìsinmi tí ibà náà ń fúnni nìyẹn, kó tó padà wá fi gbogbo agbára jà. Bí ó bá padà bá ọmọ yìí lójú ọ̀nà Kuta, tàbí lábẹ́ òkúta, ó parí. Kí ni mo lè sọ? Mo ti sọ nípa ìtọ̀, wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín.

Iyàrá tó wà nínú rẹ̀ kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Mo lọ jókòó sí ẹnu rẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti òpó kan, mo sì na ẹsẹ̀ mi méjèèjì kan òpó kejì.

Àbúrò mi wọ ẹ̀wù tán, ó dé ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ká ẹsẹ̀ yín."

"N kò ká a."

"Mo fẹ́ jáde."

"Bó o bá láyà, dá mi kọjá."

Ìyá wa ké láti òde. "Èèwọ̀! A kì í dá aboyún kọjá! Ṣé o fẹ́ kí ọmọ inú rẹ jọ àbúrò rẹ ni?"

"Ó kúkú rẹwà, ìyá."

Kapitá yọjú. "Ìyá, ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ń dúró dè wá."

Mo ní, "Kapitá, ẹ wọlé wá mú un. Ọ̀nà rèé."

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó wo ikùn mi. Ó sún sẹ́yìn. "Èmi kọ́! Ìyàwó mi náà wà nínú ipò yẹn nílé. Ẹ má fi mí ṣeré." Lẹ́yìn náà ó kọ ojú sí inú iyàrá, ó ń kígbe lórí mi kọjá. "Ìwọ ọkùnrin! Ṣé obìnrin ló ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ? Ẹni tí kò bá wá lónìí kó má wá mọ́ o!"

Àbúrò mi bínú débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dójú tì mí."

"Kí ojú tì ọ́, kó o wà láàyè. Lọ dùbúlẹ̀."

"Àwọn ará Kuta ńkọ́?"

"Ìyá á lọ dúpẹ́ fún ọ. Iṣu tí o kò tíì jẹ ni o fẹ́ fi ẹ̀mí rẹ dúpẹ́ fún?"

Ìyá wa ṣépè fún mi lọ́jọ́ yẹn, èpè tí kò dénú, ó sì lọ sí Kuta. Mo jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ ti lóyún rí, ẹ mọ̀ pé aboyún kò lè jókòó pẹ́ kó má dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dìde, ṣòkòtò àbúrò mi ni mo ń mú dání lọ, nítorí mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Àwọn obìnrin agbo ilé ń kọjá, wọ́n ń pè mí ní "Ìyá Onílẹ̀kùn." Kò dùn mí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tó ń rápálá lọ sí etí ibùsùn. Nígbà tí mo yíjú, ó ti bì. Ó dúdú.

Ìyá wa ti Kuta dé, ó bá wa níbẹ̀. Ó wo ohun tó wà nílẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti ń pọ́n bí pupa ẹyin adìyẹ, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ibà yìí ń ṣe nínú ara, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́ jù. Nígbà tí ẹ̀dọ̀ kò bá lè ṣiṣẹ́ mọ́, ohun pípọ́n tó yẹ kó bá òróòro jáde á padà sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń mú ojú àti awọ ara pọ́n. Ẹ̀dọ̀ náà ló ń pèsè ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí ìyẹn bá tán, èrìgì á máa ṣẹ̀jẹ̀, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, ikùn náà á máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú, kíkan inú ikùn á sì sọ ẹ̀jẹ̀ náà di dúdú kó tó bì í jáde. Kíndìnrín á jò, lẹ́yìn náà ó lè dákẹ́, kí ìtọ̀ má jáde mọ́. Kò sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà, títí di òní. Kuiníìnì kò mọ̀ ọ́n rárá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà báyìí fún ẹni tí kò tíì mú. Fún ẹni tó ti mú, àmójútó nìkan ló wà.

Nítorí náà mo ṣe àmójútó. Omi àgbọn àti omi tó ti hó tó sì tutù, ṣíbí kan lẹ́yìn òmíràn, nítorí púpọ̀ á mú un bì. Aṣọ tútù níwájú orí. Nígbà tí ìyá wa gbé àgbo tó ń múni yàgbẹ́ dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, pé ikùn tó ń ṣẹ̀jẹ̀ kò gba fífọ̀. Ó gbé e padà. Kúùkù fún mi ní àwọ̀n ògbólógbòó tí òyìnbó ti jù nù, mo fọ̀ ọ́, mo lẹ ojú ihò rẹ̀, mo sì ta á bò ó ní ọ̀sán. Àwọn ará agbo ilé fi wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òyìnbó dúdú ló ń sùn níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ta á láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ̀fọn má baà gbé e lára rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi nígbà náà?

Ó yè é. Mi ò sọ pé ẹsẹ̀ mi ló wò ó sàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó dùbúlẹ̀ dáadáa ló ń kú nínú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí lójú ọ̀nà Kuta nígbà tí ibà náà padà dé.

Nígbà tí dókítà tún padà wá, mo lọ bá a. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ògbufọ̀, ìtọ̀ tó dì, iṣan tó ń lù jẹ́jẹ́, èébì dúdú, ojú tó pọ́n. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ògbufọ̀ ní, "Ọ̀gá ní bó bá jẹ́ ibà pọ́njú lóòótọ́, ì bá ti pa á."

"Ṣebí wọ́n ní kì í pa dúdú?"

"Aboyún, ẹ máa lọ sílé."

Ẹ gbọ́ o. Ní àkọ́kọ́ kò lè jẹ́ ibà pọ́njú, nítorí kì í pa wá. Nígbà tó yá kò lè jẹ́ ibà pọ́njú, nítorí kò pa á. Ihò wo ló kù fún òtítọ́ láti gbà wọlé? Mo ti rí i pé wọ́n bo táńkì tiwọn, mo sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bo ẹnu àgbá àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ògbufọ̀ kò tilẹ̀ túmọ̀ ìyẹn. Ó ti yíjú kúrò.

Mo bímọ kí agbára àbúrò mi tó padà. Ọmọ náà jọ ọ́ bí ìmumu, bẹ́ẹ̀ kò dá mi kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn kan náà, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ lé e, mo ń wẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi jáde láti inú iyàrá. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ ń jó lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ká ẹsẹ̀ yín."

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ dúpẹ́."

"Ní Kuta?"

"Kuta ṣì ń bọ̀. Àgbá tí wọ́n kọ̀ láti bò yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ lọ kí."

Mo gbé ọmọ sí èjìká, mo sì ká ẹsẹ̀ mi. Kúùkù ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní àbúrò mi kò kí ẹnikẹ́ni, ó gba inú ọgbà wọlé, ó fi èjìká ti àgbá náà títí ó fi ṣubú, omi rẹ̀ sì ṣàn kọjá lójú ọ̀nà tuntun wọn pẹ̀lú gbogbo tanwíjí tó ń jó nínú rẹ̀. Kapitá ń pariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù jókòó, wọ́n ń wò ó, kò sì sí ẹnì kan tó dìde láti bá a gbé àgbá náà nàró.